Jíìnì Tó Wà Lára Muhsinah

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn ojú. Ẹni tó bá ń dáná kó rẹ iná ẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá pọ̀nmọ kó so ọ̀já ẹ̀ kó le, torí òfófó tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi etí kan gbọ́. Ọ̀rọ̀ ilé Sàníù ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Olódò dáadáa, tí èèyàn bá ti kọjá ibi tí ọ̀dà parí sí, tó wá yà sápá ọ̀tún níbi tí wọ́n ti ń rin gbáàgúdá, abúlé tó wà níwájú yẹn náà ni. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ létí.

Fàtímọ̀ ni ìyàwó ilé yẹn. Sàníù tí wọ́n ń fi orúkọ ẹ̀ pe ilé, bàbá ọkọ ẹ̀ ni, ó sì ti kú kí Fàtímọ̀ tó dé. Àmọ́ ikú ò pa orúkọ ẹ̀. Sàníù yìí, olè ni, ká má fọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀. Ó jí ewúrẹ́, ó wa iṣu lóko olóko, páànù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sórí ilé-kéwú, ó tú u kalẹ̀ kí òjò tó rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ṣẹ̀wọ̀n, ó dé, ó tún jí. Títí dòní, bí adìẹ bá sọnù lábúlé yẹn, bó jẹ́ àṣá ló gbé e, ọ̀gangan ilé Sàníù ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó wòkè.

Ọmọ kan ṣoṣo tó yè nínú ọmọ Sàníù ni Gàfárù, ọkọ Fàtímọ̀. Bíríkìlà ni. Gàfárù ò jí abẹ́rẹ́ rí. Kódà, ìbẹ̀rù kí wọ́n má pe òun lólè ti sọ ọ́ di ẹni àwòrẹ́rìn-ín. Máńgòrò tó bá já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kò ní mú un, ì báà jẹ́ pé ẹyẹ ti jẹ ìdajì ẹ̀. Tó bá fẹ́ gba oko olóko kọjá, á máa pariwo pé, "Èmi Gàfárù ni mò ń kọjá o! Ọwọ́ mi ṣófo o!" Àwọn ọmọdé máa ń sín in jẹ. Nínú oòrùn tó ń jó èèyàn, aṣọ alápá gígùn ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Fàtímọ̀ mọ ìdí ẹ̀. Gbẹ́rẹ́ wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì, ó dúdú, ó tò bí èèrà. Ìyá ẹ̀ ló ní kí olóólà sín in fún un nígbà tó wà ní kékeré, kó tó jí ohunkóhun, kó má bàa fìwà jọ bàbá ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé gbẹ́rẹ́ ju gbẹ́rẹ́ lọ. Ti àyà, ó lè jẹ́ ti ikọ́. Ti orí, ó lè jẹ́ ti ẹ̀fọ́rí. Ti ọrùn ọwọ́ báyìí, ẹni tó bá ti rí i á kàn rọra fọwọ́ bo àpò ẹ̀ ni.

Muhsinah lọmọ tí Fàtímọ̀ bí fún Gàfárù. Kíláàsì kejì ló wà, eyín iwájú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Orí ẹ̀ pé, ẹnu ẹ̀ mú, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́. Ó mú rúlà ọmọ ọlọ́mọ wálé, Fàtímọ̀ nà án, wọ́n dá a padà. Ó mú bíró tíṣà, Fàtímọ̀ tún nà án. Ohun tí ọmọ ẹlòmíì á ṣe tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, tí Muhsinah bá ṣe é, ara ìyá ẹ̀ á bù máṣọ. Kì í ṣe rúlà yẹn ló ń já a láyà. Ìyá ọkọ ẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n tètè sín ọmọ náà ní gbẹ́rẹ́ ọrùn ọwọ́, Fàtímọ̀ sì ti búra nínú ara ẹ̀ pé abẹ kankan ò ní kan ọwọ́ ọmọ òun. Obìnrin ni. Ọwọ́ yẹn ni wọ́n máa lé láàlì sí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọwọ́ yẹn ni àwọn àna máa wò.

Ní gbogbo Sátidé, Fàtímọ̀ máa ń lọ fọṣọ nílé Àǹtí Morónikẹ́ ní Olódò. Ọkọ wọn, Ọ̀gá Oyèbánjí, iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí irúgbìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Muhsinah máa ń bá ìyá ẹ̀ lọ nítorí tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Fàtímọ̀ ń sáṣọ lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé ló gbóhùn Àǹtí Morónikẹ́ ní pálọ̀.

"Yẹtí mi dà? Orí tábìlì yìí náà ni mo bọ́ ọ sí! Ìyá Muhsinah, ẹ gbà mí, ẹ bá mi wò ó, ṣé kò bọ́ sínú aṣọ?"

Wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n gbọn tìmùtìmù, wọ́n gbé àga kúrò nílẹ̀. Muhsinah jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kò bá wọn wá a, kò sì wẹ̀yìn.

"Muhsinah, o rí yẹtí Àǹtí?"

Ọmọ mirí.

"Ẹnu ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Ṣé mo fi orí bi ẹ́ ni?"

Ọmọ tún mirí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ kan wú díẹ̀, bí ẹni tí eyín ń dùn.

"Yanu."

Bó ṣe yanu báyìí, yẹtí ló ń dán ní àlàfo ibi tí eyín ti ká yẹn, ó jókòó síbẹ̀ bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́.

Fàtímọ̀ gbá a létí, yẹtí fò jáde, ó balẹ̀ sórí tìmùtìmù. Ló bá kúnlẹ̀, ló ń bẹ̀, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Àǹtí Morónikẹ́ ń fi ìṣẹ́tí aṣọ nu yẹtí. Ọ̀gá Oyèbánjí tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pálọ̀ ló gbé ìwé ìròyìn ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Muhsinah, ẹ dìde. Ẹ má nà án mọ́. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀."

"Ẹjọ́ ta wá ni, sà?"

"Ìyàwó mi ní ẹ sọ fóun pé bàbá ọkọ yín… ẹ̀n, pé ìwà yẹn wà lọ́wọ́ wọn."

Fàtímọ̀ wo Àǹtí Morónikẹ́. Ọ̀rọ̀ tí Fàtímọ̀ bá a sọ nígbà táwọn méjèèjì jọ ń ṣa ẹ̀wà ni. Àǹtí Morónikẹ́ ò gbójú kúrò lára yẹtí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ ò rí i pé jíìnì ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Ó lè fo bàbá kó bọ́ sára ọmọ-ọmọ. Àwọn òyìnbó ti wádìí ẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀daràn wò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ní àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé jíìnì ló ń tì wọ́n sí i."

"Jíìnì, sà?"

"Jíìnì."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wọ́. Jíìnì tí Ọ̀gá Oyèbánjí ń sọ, èdè òyìnbó ni. Nǹkan tíńtín kan ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, inú ara ló wà, òun ni bàbá àti ìyá fi ń fún ọmọ ní imú wọn, àwọ̀ wọn àti gíga wọn. Àmọ́ ibi wáàsí ni Fàtímọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Áfáà tó máa ń ṣe wáàsí fún wọn nígbà ààwẹ̀, tó bá fẹ́ pe àlùjọ̀nnú, jíìnì ló máa ń pè é bí wọ́n ṣe ń pè é nínú kéwú. Nítorí náà, ohun tí Fàtímọ̀ gbọ́ ni pé àlùjọ̀nnú olè tó wà lára Sàníù ti fo ọkọ òun, ó ti wọ ọmọ òun lára, àwọn òyìnbó gan-an sì mọ̀ nípa ẹ̀.

Lórí ọ̀kadà tó gbé wọn padà sílé, ó ń wo àtàrí Muhsinah tó jókòó síwájú ẹ̀.

Ìyá àgbà, ìyá ọkọ ẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé nígbà tí wọ́n dé.

"Màámi, ọ̀rọ̀ yín mà ṣẹ o."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Wọ́n ní jíìnì ni. Ọ̀gá tí mò ń fọṣọ fún ló sọ ọ́. Wọ́n ní ara Bàbá ló ti wá."

Ìyá àgbà gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Onígbàgbọ́ yẹn? Òun náà mọ̀?"

"Wọ́n ní òyìnbó ti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Mo sọ ọ́! Ẹ ní arúgbó ń ṣarán. Òyìnbó tó ń fi dígí wo ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, èmi tí mo fojú lásán rí i, ẹ ní mo kórìíra ọmọ. Ẹni bí ni là á jọ, ṣé èmi ni mo pa á lówe?"

"Ṣùgbọ́n Màámi, ibo ni Bàbá ti wá rí i? Ẹ ṣáà ní ládàánì ni bàbá tó bí wọn."

"Ládàánì gidi. Tó bá pèrun, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbọ́ ọ ní Lálúpọn."

"Ta ló wá kó o ràn wọ́n?"

Ìyá àgbà ronú díẹ̀. "Ìyá ẹ̀ ni. Ìyá ẹ̀ kì í ṣe ará ibí."

"Ìyá yẹn jalè ni?"

"Mi ò bá a láyé. Àbí kí wọ́n ní ti ládàánì ni? Ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tí ò dáa, ti ìyá ẹ̀ ni."

Fàtímọ̀ rí i pé tọ́rọ̀ bá pẹ́ lórí ibẹ̀ yẹn, ó máa kan òun náà.

"Bàbá Múyì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì," ìyá àgbà ní, "ó fẹ́ dábẹ́ fáwọn ọmọkùnrin ilé Ìmáàmù. Màá ní kó yà síbí."

Bàbá Múyì yẹn ni olóólà. Fàtímọ̀ ò jiyàn. Ohun tó ti búra lé lórí látìgbà tó ti gbé ọmọ jó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu ẹni tó kàwé ló yẹ̀ ẹ́.

Gàfárù dé kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, símẹ́ǹtì ló wà ní gbogbo ìpéǹpéjú ẹ̀. Wọ́n rò ó fún un.

"Ta ló ní kí wọ́n sín in?"

"Èmi ìyá ẹ ni."

"Màámi, ẹ wo ọwọ́ mi." Ó ká apá aṣọ ẹ̀ sókè.

"Mo rí i. O jalè?"

"Mi ò jalè."

"O ti jalè rí?"

"Mi ò jalè rí, Màámi."

"Kí ló fà á?"

Gàfárù ń wo ọrùn ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì.

"Ó ṣiṣẹ́ ni!" ìyá àgbà pariwo. "Kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe, kó fọn fèrè fún yín?"

Ẹ gbọ́, ọ̀rọ̀ yẹn le. Ta ló fẹ́ já a? Tí Gàfárù bá ní gbẹ́rẹ́ kọ́ ni kò jẹ́ kí òun jalè, ìyá ẹ̀ á ní kó mú Gàfárù tí wọn ò sín ní gbẹ́rẹ́ wá, kí àwọn wo tiẹ̀. Gàfárù ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà. Fàtímọ̀ náà ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí síwá-sẹ́yìn láti ọ̀sán, ibi tó ń já sí náà nìyẹn.

Gàfárù wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo ìyàwó ẹ̀. "Ìyá Muhsinah, eyín mi tó yọ, kí ni mo ní ó yọ ọ́?"

"Ẹ ní ẹ já bọ́ lórí àkàbà ni."

"Mi ò já bọ́ lórí àkàbà. A ń ṣiṣẹ́ kan nígbà yẹn, kí n tó mọ̀ ẹ́. Fóònù ẹnì kan sọnù. Mo ń fọ símẹ́ǹtì lọ́wọ́ nídìí dúrọ́ọ̀mù, mo ti ká aṣọ sókè, lẹnì kan bá rí ọwọ́ mi. Wọn ò wá fóònù níbòmíì mọ́. Wọ́n so mí mọ́ òpó. Ìgbà tí fóònù máa fi dún lábẹ́ àpò símẹ́ǹtì tí ẹni tó ni ín fúnra ẹ̀ gbé e sí, eyín ti wà nílẹ̀."

Ìyá àgbà ló fèsì, kò sì gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí.

"Wọ́n nà ẹ́, o wálé. Àwọn tó jí i lóòótọ́, táyà ni wọ́n ń kọ́ sí wọn lọ́rùn. Èwo lo fẹ́ fún ọmọ ẹ?"

Gàfárù sọ apá aṣọ ẹ̀ kalẹ̀. Ó dìde, ó gbé kẹ́tùrù àlùwàlá. "Ẹni tó sọ pé jíìnì ni," ó ní, "á mọ bí wọ́n ṣe ń lé e. Lọ bi í kó tó di Àlàmísì."

Ni Fàtímọ̀ bá padà lọ sí Olódò ní Ọjọ́rú, tí kì í ṣe ọjọ́ aṣọ. Ọ̀gá Oyèbánjí ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibiṣẹ́ dé ni.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú sà. Jíìnì tí ẹ sọ lọ́jọ́sí, kí ni wọ́n fi ń lé e jáde?"

"Wọn kì í lé e, Ìyá Muhsinah. Kò ṣeé lé."

"Tí Áfáà bá ka kéwú sí i ńkọ́?"

"Kéwú kẹ̀? Kí ni kéwú fẹ́ fi jíìnì ṣe? Gbogbo wa la ní i. Èmi ní, ẹ̀yin náà ní. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà lára yín bí ẹ ṣe jókòó yẹn."

Fàtímọ̀ dìde fùú kúrò lórí àga. "Aúsù bílláhì! Lára tèmi?"

"Lára adìẹ pàápàá. Lára àgbàdo. Èyí tí ẹ jẹ láàárọ̀, ó kún inú ẹ̀."

"Ẹ̀kọ ni mo mu, sà."

"Ó wà nínú ẹ̀kọ náà."

Àǹtí Morónikẹ́ tó ń bọ̀ láti kíṣìnì ló dúró lójú ọ̀nà, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. "Dádì, àlùjọ̀nnú ni wọ́n gbọ́ o! Jíìnì tí àwọn Áfáà ń pè ni wọ́n rò pé ẹ̀ ń sọ!"

Ọ̀gá Oyèbánjí ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó tún un ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní hóró àgbàdo tó wá látinú ṣùkù kan náà, tí àwọn bá gbìn ín sí ilẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbiṣẹ́, òmíì á yọmọ, òmíì á kú sórí ìdúró. Ó ní ìwé tóun kà gan-an sọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní jíìnì ọ̀hún lára ò jalè rí, wọn ò sì jà rí.

"Ẹ ò sọ ìyẹn lọ́jọ́ yẹn, sà."

"Ẹ̀n… mi ò sọ ọ́."

"Ṣé jíìnì olè wá wà lára ọmọ mi, àbí kò sí?"

"Kò sí jíìnì kan tó ń jẹ́ olè, Ìyá Muhsinah. Ohun tọ́mọ yẹn máa dà, mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Àǹtí Morónikẹ́ sìn ín dé géètì. Ó fún un ní búrẹ́dì fún Muhsinah. Lẹ́yìn náà ló wá rọra sọ pé, "Ẹ má bínú o. Ẹ má mú un wá lọ́jọ́ Sátidé mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí Dádì sọ, pé kò sẹ́ni tó mọ̀."

"Ẹ ṣé, mà," Fàtímọ̀ ní.

Àlàmísì dé. Gàfárù ti jáde láti àárọ̀ kùtùkùtù. Ó ní ohun tí Fàtímọ̀ bá ṣe, òun fara mọ́ ọn, òun ò ṣáà lè dúró wò ó. Ẹ rí àwọn ọkọ yín! Fàtímọ̀ ti ṣàlàyé fún ìyá àgbà pé àlùjọ̀nnú kọ́, pé òun ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́.

"Kí ló ní ó wá jẹ́?"

"Nǹkan kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni."

"Ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀, Màámi."

"Ẹ̀jẹ̀ náà la fẹ́ tú jáde. Kí lo ṣì gbọ́?"

Bàbá Múyì dé láti ilé Ìmáàmù, inú ẹ̀ dùn, wọ́n ti fún un lóúnjẹ níbẹ̀. Ó tẹ́ ẹní, ó kó abẹ jáde, ó da ẹ̀tù dúdú tó máa fi ra ojú gbẹ́rẹ́ sórí ewé. Ọ̀rọ̀ àpárá kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀.

"Ọwọ́ dà? Ìyá ọmọ, ẹ bá mi di olè kékeré yìí mú dáadáa o, kó má lọ jí abẹ mi."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Muhsinah náà rẹ́rìn-ín, àlàfo eyín ẹ̀ hàn. Kò sunkún, kò sá. Ó ń yọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú fúnra ẹ̀.

"Màmá, ṣé tèmi náà máa dà bíi ti bàbá mi?"

Fàtímọ̀ di ọwọ́ náà mú. Ó kéré, epo àkàrà ṣì wà lórí ìka ẹ̀. Ó ro èrò kan láàárín ìgbà tí Bàbá Múyì ń nu abẹ: bí àwọn bá sín in, tí kò jalè, wọ́n á ní gbẹ́rẹ́ ló ṣe é. Bó bá jalè, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Nínú méjèèjì, kò síbi tí wọ́n á ti ní Muhsinah ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sín in."

"Ìyàwó!" Ohùn ìyá àgbà dé ojú títì.

"Ẹ má bínú, Màámi. Mi ò lè gbé ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀ fún abẹ."

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kó ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹ̀, má ké sí mi. Mo ti sọ tèmi, ìlú gbọ́."

"Mo gbọ́, Màámi."

Bàbá Múyì ò bá wọn dá sí i. Ó da ẹ̀tù padà sínú àdó, ó ká ẹní. "Abẹ kì í bínú," ó ní. "Lẹ́yìn Iléyá, mo tún ń bọ̀ lápá ibí."

Látọjọ́ náà, ìyá àgbà ò jẹun Fàtímọ̀ mọ́. Á dáná tiẹ̀ lọ́tọ̀, á jókòó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Gàfárù dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wo ọwọ́ ọmọ, ó ní "O ṣé," ó jẹun, ó sùn.

Ìbá ti parí síbẹ̀, ìbá dùn. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Muhsinah ti ilé-ìwé dé, ẹyin adìẹ ló dì mọ́ ìdí aṣọ ẹ̀, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Níbo lo ti rí i?"

"Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Kò lẹ́ni tó ni ín."

"Adìẹ ta ló yé e?"

Fàtímọ̀ ò nà án. Ó fà á lọ́wọ́, wọ́n jọ lọ wá aládìẹ. Obìnrin yẹn gba ẹyin, ó wò ó lábẹ́, ó wò ó lókè bíi pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀. "Ẹ ṣé o, ìyàwó ilé Sàníù," ó ní, ó sì ka àwọn adìẹ ẹ̀ lójú wọn níbẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Muhsinah ń fò lórí òkúta, ó ń kọrin tí wọ́n kọ́ wọn níléèwé. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ lóló, kò sí àpá kan níbẹ̀. Fàtímọ̀ ń wo ọwọ́ náà, kò mọ̀ bóyá òun gbà á là ni àbí òun bà á jẹ́.

Iléyá ò sì ní pẹ́ dé. Ìyá àgbà ti ránṣẹ́ sí Bàbá Múyì láìsọ fẹ́nì kankan, èmi ni mo gbọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má kàn mí kanlẹ̀ kí ẹ máa lọ o. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bí Muhsinah, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú yín báyìí, kí lẹ máa ṣe? Ẹ máa jẹ́ kí wọ́n sín in, àbí ẹ máa fọwọ́ lẹ́rán kí ẹ máa wo ohun tí ọwọ́ yẹn máa mú wálé lọ́la?